Ilé La Tà, A Ò Ta Màmá

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti rí òrùlé àti ilẹ̀kùn ní àárín ìlú Ìbàdàn, owó ti dé ọwọ́ onílé. Lọ́dún tó bá tẹ̀ lé e, wọn yóò máa ti kóòtù bọ̀ bí ẹni ti ọjà bọ̀, wọn yóò máa sọ pé ayé ti bàjẹ́. Ayé ò bàjẹ́, àwọn ni wọn ò béèrè. Jamilah kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn. Bó bá jẹ́ ìbéèrè là ń kó lé tábìlì ra ilé ni, Jamilah ì bá ti ra Bẹẹrẹ tán, ì bá sì gba ṣéńjì.

Nọ́ọ̀sì ni, ó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́ọ̀dù àwọn arúgbó ló ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún iṣẹ́ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń pa ojú òkú dé kí tíì àárọ̀ tó tutù. Ojú tó ti rí òkun kì í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Nígbà tí ọkọ rẹ̀, Ishaq, jáde láyé, òun fúnra rẹ̀ ló pa ojú ọkọ rẹ̀ dé, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi aṣọ bò ó, ó sì jáde lọ sọ fún àwọn ará ilé. Àwọn èèyàn ń retí ẹkún, ẹkún ò wá. Àwọn àna rẹ̀ ní ọkàn rẹ̀ ló le. Kò le rárá. Ńṣe ni gbogbo inú rẹ̀ kú, tí kò sì jí mọ́. Ó ń jẹun, kò mọ adùn rẹ̀. Ó ń kírun, ó ń sùn, ó ń jí, ó ń kí ará àdúgbò. Bí wọ́n bá ní ṣé dáadáa ni, yóò ní dáadáa ni.

Ilé tí òun àti Ishaq ń gbé, àwọn ọmọ ìyáálé rẹ̀ àti òun fúnra rẹ̀ pín in bí ẹ̀sìn ti wí, wọ́n sì tà á. Ìpín tó kàn án, ó dà á pọ̀ mọ́ owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, ó wá gba yàrá kan ní Òkè Padre, ó ń ronú ohun tí yóò fi í ṣe. Gbogbo ohun tó ní láyé nìyẹn. Bó bá fi ra ibi tí owó yóò ti máa wọlé, yóò jẹun títí di ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Bó bá fi ra wàhálà, kò sí ibòmíràn tí yóò ti tún bù.

Ejẹ́ǹtì tó ń bá a wá ilé ni Ọláyíwọlá, ọkùnrin gbàgadà kan tí fóònù rẹ̀ kì í dákẹ́. Ẹ má bínú sí Ọláyíwọlá o, òótọ́ ló máa ń sọ. Ó ní kí Jamilah lọ wo ilé tó bá fẹ́ rà nígbà òjò, nítorí ilé tó gbẹ lẹ́ẹ̀rùn lè di odò ní oṣù keje. Ó ní kó má gba ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo gbọ́ nínú ẹbí, kó jẹ́ kí gbogbo ìdí igi fọwọ́ sí i, nítorí ọmọ ìyá kan ò lè ta ohun tí baba fi sílẹ̀ fún gbogbo wọn. Ó ní kó má san owó kí lọ́yà tó dé ọ́fíìsì ilẹ̀ ní Agodi lọ yẹ ìwé wò. Gbólóhùn tó fẹ́ràn jù sì ni èyí: "Mọ́mì, ilé rírà, orí la fi ń rà á. Ẹ má fi ọkàn rà á o."

Jamilah kò ní ọkàn kankan tí yóò fi rà á. Ó tẹ̀ lé Ọláyíwọlá káàkiri. Wọ́n wo ọ̀kan ní ẹsẹ̀ òkè Màpó, ó rí ibi tí àgbàrá ti ya ògiri, ó ní ó tì. Wọ́n wo ọ̀kan nítòsí Ọjà'ba, ọkùnrin méjì jáde láti inú ilé kan náà, olúkúlùkù ní tòun ni, ó yíjú padà kí wọ́n tó parí ìjà. Gbogbo ibi tí wọ́n bá sì dé, ìbéèrè kan ló máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n.

"Òkú wà nínú ilé yìí?"

Ó mọ ìdí tó fi ń béèrè. Ọmọ àdúgbò Àrẹ̀mọ ni. Ní ilé tí wọ́n bí i sí, baba rẹ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀ ní pálọ̀, ìyá baba rẹ̀ sì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn olówó ti wá wo ilé náà láti rà, wọ́n rí sìmẹ́ǹtì tó ga díẹ̀ láàárín pálọ̀, wọ́n kí wọn, wọ́n lọ. Ta ni yóò ra ilé tí baba ẹlòmíràn sùn sí? Ẹni tó bá rà á kò lè wó o, kò lè tún un kọ́, kò lè kó ọjà lé ibẹ̀. Lọ́dọọdún ni àwọn ọmọ òkú yóò máa kó àáfà wá wọlé, wọn yóò jókòó, wọn yóò ṣàdúà, wọn yóò sì rántí pé ilé baba àwọn ni.

Ìgbà tí wọ́n dé Bẹyẹrunka ni Ọláyíwọlá tó fọwọ́ pa ọwọ́. Ilé náà dojú kọ títì gan-an. Páànù rẹ̀ ti pọ́n, ògiri ti ń fọ́, àmọ́ bí wọ́n bá wó o, tí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí iwájú, tí wọ́n kọ́ yàrá sí òkè, ẹni tó ni ín ti bọ́ lọ́wọ́ ìyà. Abdulmumin, tó jẹ́ Mógàjí, olórí agbo ilé náà, jáde sí wọn pẹ̀lú àwọn àgbà ẹbí. Ọkùnrin pẹ̀lẹ́ ni, kì í pariwo, kì í purọ́. Gbogbo ìdí igi fọwọ́ sí i. Lọ́yà lọ sí Agodi, ó bọ̀, ó ní kò síyọnu. Jamilah wọ yàrá kọ̀ọ̀kan, ó ń fi gìgísẹ̀ gbá ilẹ̀, ó ń fetí sí i.

"Mógàjí, òkú wà nínú ilé yìí?"

"Kò sí. Àwọn tó kọ́ ọ, Kánò ni wọ́n ti ń ṣòwò, ibẹ̀ ni wọ́n kú sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin wọ́n sí. Ilé ńlá tó wà lódìkejì yẹn làwọn òkú wa wà."

Òótọ́ ni. Àmọ́ alààyè kan wà níbẹ̀. Nínú yàrá iwájú tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì ni Màmá Àgbékẹ́ ń gbé, àbúrò ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́ ilé náà. Ó ti pẹ́ tó ti kúrò nílé ọkọ, tó padà wá sínú ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwọn ọmọ tó bí ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Mógàjí ní, "Ọmọ ilé ni. A ò lè ní kó jáde, ẹ̀yin náà ò sì lè lé e. Kó máa gbé yàrá rẹ̀ títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Tìtorí rẹ̀ la ṣe fẹ́ bu nǹkan kúrò lórí owó ilé náà."

Ojú Ọláyíwọlá dán. Jamilah kúnlẹ̀ kí ìyá arúgbó náà, ó dì í lọ́wọ́ mú bí ẹni tó ń yẹ́ ẹ sí, ìka rẹ̀ ti wà lórí iṣan ọrùn ọwọ́. Ó fi àtàǹpàkò tẹ kókósẹ̀ màmá tó wú, ibi tó tẹ̀ jìn wọlé, kò sì tètè padà. Ó fetí sí bó ṣe ń mí. Ó wí nínú ara rẹ̀ pé èyí kò ní jẹ ẹran Iléyá tó ń bọ̀. Kò fi ìkà sọ ọ́, kò sì fi àánú sọ ọ́. Bí èèyàn ṣe ń wo aago ló wò ó. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé màmá yóò máa gbé ibẹ̀ títí yóò fi kú, gbogbo wọn fọwọ́ sí i, Jamilah sì sanwó.

Ikú ò dọ́jọ́, àrùn ò dóṣù. Ọmọ kékeré tó ń ta omi ní Bẹẹrẹ mọ̀ ọ́n. Nọ́ọ̀sì ló gbàgbé.

Láti ìgbà náà, ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kí Jamilah má dé Bẹyẹrunka. Ó ní òun ń lọ wo ilé òun. Ẹ jẹ́ ká pe nǹkan lórúkọ tó ń jẹ́: ikú ló ń lọ wò, bóyá ó ti dé. Ìgbà àkọ́kọ́ tó lọ, ó bá màmá tó sùn gbalaja, mímí rẹ̀ ń ró hùnrùn-hùnrùn. Oògùn rẹ̀ ti kọjá ọjọ́ tó yẹ kó lò ó. Ọbẹ̀ tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀, iyọ̀ inú rẹ̀ tó iyọ̀ òkun. Jamilah dúró ní ẹnu ọ̀nà. Bó bá yíjú padà lọ ni, kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè. Àmọ́ ọwọ́ nọ́ọ̀sì kì í bá ẹni tó ni ín fẹ̀yìn tì. Kó tó mọ̀, ó ti ká ìrọ̀rí sẹ́yìn màmá kó lè jókòó, ó ti da ọbẹ̀ nù, ó ti jáde lọ ra oògùn mìíràn. Lọ́sẹ̀ kejì ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá wá. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ màmá ti rọ̀.

Iléyá dé. Màmá Àgbékẹ́ jẹ ẹran, ó jẹ egungun, ó sì béèrè ìtayín.

Nígbà tí Ọláyíwọlá gbọ́, ó pe Jamilah lórí fóònù. "Mọ́mì, kí lẹ̀ ń ṣe gan-an? Ẹ ní ẹ̀ ń lọ wo ilé yín ni, ẹnì kankan ò ní kẹ́ ẹ tọ́jú màmá!"

"Mi ò tọ́jú ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni mò ń tọ́jú."

"Mọ́mì, owó sìmẹ́ǹtì ń lọ sókè lójoojúmọ́ o."

"Mo mọ̀."

Ó mọ̀ lóòótọ́. Owó tó yẹ kó fi kọ́lé ń jó bí àbẹ́là, ó ń san owó yàrá ní Òkè Padre, ó tún ń pe káfíńtà wá lẹ páànù Bẹyẹrunka nígbàkigbà tí òjò bá wọlé sórí ìyá arúgbó náà. Kò bínú. Kò dùn ún. Yóò lọ, yóò wọn ìfúnpá, yóò wẹ̀ fún un, yóò jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, àwọn méjèèjì yóò máa wo àwọn tó ń gbé ẹrù lọ sí Ọjà'ba. Màmá mọ púpọ̀ nínú wọn. A máa fi ẹnu júwe wọn: eléyìí, ìyá rẹ̀ ló bí i nígbà tí kò retí ọmọ mọ́, tọ̀hún, bó ṣe ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni baba rẹ̀ ń ṣe. Jamilah kì í fèsì púpọ̀, màmá kì í sì í bínú.

Lọ́jọ́ kan tó ń fi òróró pa á lẹ́yìn, màmá ní, "Nọ́ọ̀sì, mo mọ̀ pé ò ń dúró dè mí."

Ọwọ́ Jamilah kò dúró. "Màmá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí ló dé tí mi ò ní sọ ọ́? O sanwó, o fẹ́ gba ọjà rẹ. Èmi gan-an ń dúró dera mi. Ó yà mí lẹ́nu bí mo ṣe pẹ́ tó." Ó rẹ́rìn-ín, eyín méjì tó kù lókè yọ. "Má bínú o, ọmọ mi. Ìwọ lo ò jẹ́ kí n tètè lọ."

Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún nìyẹn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà sì ju èje lọ, Jamilah kò tíì rí ohun tó wà lẹ́yìn. Àárọ̀ ọjọ́ kan ló dé Bẹyẹrunka tó bá èrò lójúde. Bàbá arúgbó kan ló kú ní ilé ńlá òdìkejì. Ó bá wọn débẹ̀ kí wọn kú ọ̀fọ̀, ó sì rí àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń gbẹ́ ilẹ̀ láàárín yàrá olóògbé náà gan-an, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni wọ́n gbé jáde tí wọ́n fi rí ààyè. Ó dúró títí wọ́n fi sìnkú tán, ó wá sún mọ́ Mógàjí.

"Mógàjí, inú yàrá ẹ̀ lẹ sin ín sí."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Àṣà wa nìyẹn látọjọ́ tí a ti tẹ ibí dó. Yàrá tí ọmọ ilé bá kú sí, ibẹ̀ la ń sin ín sí. Ẹni tó bá kú síta, a kì í gbé òkú ẹ̀ wọlé, ìta náà la ó sin ín sí. Ẹ ò rí àwọn ti Kánò?"

"Màmá Àgbékẹ́ ńkọ́?"

"Màmá náà ni. Yàrá ẹ̀ ni."

"Mógàjí, mo ti ra ilé yẹn."

"Ẹ rà á. Ta ló jiyàn?" Ó fi sùúrù wò ó, bí ẹni tó ń wo èèyàn tó ń béèrè ibi tí oòrùn ti ń yọ. "Ilé la tà, a ò ta Màmá."

Jamilah jókòó sórí àpótí kan níta fún ìgbà pípẹ́. Ó ti béèrè òkú tó wà nínú ilé, kò béèrè èyí tó ń bọ̀. Yàrá màmá sì rèé, ojú títì gan-an, ibi tí ṣọ́ọ̀bù yóò wà. Bí wọ́n bá sin ìyá arúgbó náà síbẹ̀, ilé Bẹyẹrunka yóò dà bí ilé Àrẹ̀mọ: kò ní ṣeé wó, kò ní ṣeé tà, yóò kàn wà níbẹ̀ ni. Lọ́yà ka ìwé àdéhùn náà fún un lákàtúnkà. Títí yóò fi kú ló wà níbẹ̀. Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn ìyẹn. Lọ́yà ní àwọn lè lọ sí kóòtù, ó wá wo ojú Jamilah, ó wo ọjọ́ orí rẹ̀, ó sì ti ìwé náà padà sí i.

Ọláyíwọlá kò bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́tẹ̀ yìí. Ó wá bá a ní Òkè Padre, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Mọ́mì, ẹ gbọ́ ohun tí Mógàjí sọ fúnra ẹ̀. Ẹni tó bá kú síta. Nọ́ọ̀sì ni yín, ẹ máa mọ ọjọ́ ọ̀hún kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Bó bá ti ku díẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ta ló máa bi yín? Ta ló máa ní kẹ́ ẹ má gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù?"

Jamilah bu omi fún un. Kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Àmọ́ lẹ́yìn tí Ọláyíwọlá lọ tán, ó rí i pé òun ti gbà, àti pé ojú kò tì òun. Ìyẹn ni ì bá dẹ́rù bà á, bó bá ṣe pé nǹkan ṣì ń dẹ́rù bà á.

Ọyẹ́ ni ọjọ́ náà bọ́ sí. Jamilah ṣílẹ̀kùn yàrá, ó gbọ́ mímí màmá láti ẹnu ọ̀nà, ó sì mọ̀. Ẹsẹ̀ ti tutù dé orúnkún. Oòrùn ò ní wọ̀ bá a. Ó jáde sí títì, ó dá takisí Máíkírà kan dúró, awakọ̀ rẹ̀ jẹ́ àgbàlagbà onírùngbọ̀n funfun. Ó bẹ̀ ẹ́ kó wá bá òun gbé aláìsàn.

Màmá la ojú nígbà tí wọ́n gbé e. "Nọ́ọ̀sì. Níbo?"

"Ilé ìwòsàn ni, Màmá."

Màmá wò ó lójú. "Òní ni, àbí?"

Jamilah fa aṣọ ìbora bò ó léjìká.

"Ó dáa. O ti wẹ̀ fún mi tó. Ibi tó o bá ní kí n lọ, màá lọ." Bí wọ́n ṣe ń gbé e kọjá ẹnu ọ̀nà, ó di òpó ilẹ̀kùn mú. Kò fà á, kò bẹ̀bẹ̀. Ó kàn dì í mú, nígbà tó yá ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀.

Mógàjí ti mọ́ṣáláṣí bọ̀, ó bá wọn lẹ́nu mọ́tò. Ó wo màmá, ó wo Jamilah, ó sì yé e. Ó hàn lójú rẹ̀ pé ó yé e. "Ṣé yóò padà wá?"

"Ọlọ́run ló mọ̀."

Mógàjí yẹ̀ kúrò lọ́nà.

Wọ́n gba Bẹẹrẹ. Èrò ọjà dí ọ̀nà, mọ́tò ń rìn bí ìjàpá. Orí màmá wà lórí itan Jamilah, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má wúwo rárá. Nígbà tí wọ́n fi máa sún mọ́ Màpó, ojú màmá ti là, àmọ́ kì í ṣe ayé yìí ló ń wò mọ́.

"Ìyá mi," ó wí fún Jamilah, ohùn rẹ̀ dà bí ti ọmọdé. "Ṣé ilé là ń lọ?"

Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun sí Jamilah. Ní wọ́ọ̀dù, gbogbo wọn ló ń bi í nígbà tó bá kù díẹ̀, ó sì mọ èsì rẹ̀ lórí bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni. Ilé là ń lọ."

"Ẹ má fi mí sílẹ̀ síta o. Òtútù ń mú mi."

"Mi ò ní fi yín síta."

Màmá mí. Ó dúró. Ó tún mí lẹ́ẹ̀kan sí i. Jamilah fi ìka sí i lọ́rùn, ó dúró, ó sì mú ìka náà kúrò. Awakọ̀ ti rí i nínú dígí.

Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣé ká ṣì máa lọ?"

Èsì rẹ̀ kò le. Kí wọ́n máa lọ. Kí dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ pé òkú ni wọ́n gbé dé. Kí wọ́n gbé e lọ sí itẹ́ òkú, kí àwọn kọ́lékọ́lé dé Bẹyẹrunka lọ́jọ́ Ajé, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti yàrá iwájú. Jamilah rí ṣọ́ọ̀bù náà kedere, ó rí ara rẹ̀ lókè rẹ̀ tó jókòó, tí ebi kò pa á, tí kò bẹ ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹ̀tàn nínú ohun tó rí. Lẹ́yìn náà ló wo ọwọ́ ìyá arúgbó náà. Ọwọ́ náà ṣì di etí ìró rẹ̀ mú, bó ṣe di òpó ilẹ̀kùn mú. Ó sì dùn ún. Ó dùn ún débi pé kò lè mí dáadáa. Ó ti pẹ́ tí nǹkan ti dun Jamilah kẹ́yìn, ó kọ́kọ́ rò pé àìsàn ló ń ṣe òun.

"Ẹ yí mọ́tò padà," ó wí.

"Nọ́ọ̀sì, màmá yín ti..."

"Wọ́n ń sùn. Wọ́n ń sùn ni, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí i padà."

Awakọ̀ náà wò ó nínú dígí. Àgbà ni, kò béèrè mọ́. Ó wá ibi tí ọ̀nà ti fẹ̀, ó yípo.

Ara màmá ṣì gbóná, kò tíì le. Nọ́ọ̀sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ẹni tí kò lè gbé orí ara rẹ̀. Ó fi apá kan gbé e lọ́rùn, ó gbé ojú rẹ̀ sí èjìká ara rẹ̀ bí ẹni tó sùn lọ, awakọ̀ gbé ẹsẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń wọlé, Jamilah ń sọ̀rọ̀ sókè kí gbogbo ojúde lè gbọ́. "Màmá, a ti délé. Ẹ rọra. Ẹ̀yin lẹ ní ẹ ò lọ mọ́, ẹ̀yin lẹ ní ilé lẹ fẹ́ sùn sí. Ẹ rọra o."

Ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti ilẹ̀kùn. Ẹkún tí kò sun nígbà tí Ishaq lọ, tí kò sun láti ìgbà náà, ó dé, ó dé lójijì, ó sì pọ̀. Kò sì lè sun ún síta, nítorí létí àwọn tó wà lójúde, ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì náà kò tíì kú. Ó ki ìbòrí rẹ̀ bọ ẹnu, ó wólẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó rọlẹ̀ díẹ̀, ó pa ojú màmá dé, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó nu ojú ara rẹ̀, ó sì ṣílẹ̀kùn.

Mógàjí ló wà níwájú, àwọn àgbà ilé wà lẹ́yìn rẹ̀. Awakọ̀ fara ti mọ́tò rẹ̀, ó ń wo táyà.

"Màmá ti lọ," Jamilah wí.

"Ìnnà lílláhì," gbogbo wọn wí.

Mógàjí sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Nọ́ọ̀sì, gbogbo wa la rí i tẹ́ ẹ gbé e jáde. Ẹ̀yin lẹ wà pẹ̀lú ẹ̀, ọ̀rọ̀ yín la ó gbà. Bó bá jẹ́ ojú ọ̀nà ló kú sí, ẹ sọ ọ́. A ò ní bínú. Mọ́tò á gbé e lọ sí itẹ́ òkú báyìí, ilé á sì ṣófo fún yín lónìí. Bó bá jẹ́ inú ilé ni, ẹ mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ẹ rò ó dáadáa o."

Ní gbogbo ọdún tí Jamilah fi ṣiṣẹ́, kò sí ẹni tó bi í léèrè ibi tí èèyàn kú sí, tí kò sọ òótọ́ fún un. Ó wo títì, ó wo iwájú ilé náà látòkè délẹ̀.

"Inú ilé ni," ó wí. "Orí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ ló kú sí, ọwọ́ mi ló wà. Ẹ ránni lọ mú díga wá, Mógàjí. Ilẹ̀ ń ṣú lọ."